Ẹ̀rọ Ìgégi Wo Ni Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Àpapọ̀ Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú, ní Ìṣẹ̀rì Olówóra)

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé àwa ìgbìmọ̀ kékeré yìí lọ́wọ́ kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: irú ẹ̀rọ ìgégi wo, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀, ni ó yẹ kí a fi owó ẹgbẹ́ rà? Ṣé èyí tí a ń fi ọwọ́ yí síkúrú rẹ̀ kí epo àti afẹ́fẹ́ lè bá ara wọn mu ni, tàbí èyí tuntun tí kọ̀ǹpútà kékeré kan ń ṣe àkóso rẹ̀? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré rárá. Owó tí a ó fi rà á, owó àwọn ìyá ọlọ́jà àti ti àwọn ọmọ ìlú tí ń gba owó oṣù ni. Àwọn tí yóò sì dì í mú nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ọmọ wa ni wọ́n. Bí a bá ra èyí tí kò yẹ, owó yóò ṣòfò. Bí a bá sì ra èyí tí ó yẹ tí a kò mọ̀ ọ́n lò, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ẹni ni yóò san gbèsè náà.

Gbogbo wa ni a mọ ibi tí a ń gbé. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ṣí omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 1983, omi a máa kún bo apá Ìṣẹ̀rì. Ilẹ̀ a rọ̀, gbòǹgbò a yẹ̀, ìjì tí kò tó nǹkan a sì gbé igi máńgòrò tàbí igi furúútù dà sójú ọ̀nà. Bí igi bá dí ọ̀nà ní òru, tí aboyún ń rọbí, a kò lè jókòó kí a máa retí ẹni tí yóò ti ibòmíràn wá gé e fún wa. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi pinnu láti ní ẹ̀rọ tirẹ̀.

Irin kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Ìtàn sọ fún wa pé ọdẹ ni Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre tí ó tẹ Ìṣẹ̀rì dó. Orúkọ rẹ̀ gan-an sì ń wí pé Ògún ni ó fún òun ní ire. Àáké àti àdá ni àwọn baba wa fi ṣán igbó. Lẹ́yìn náà ni ayùn ọlọ́wọ́ méjì dé, tí ọkùnrin kan yóò dúró sórí ìtì igi, tí èkejì yóò wà nínú kòtò lábẹ́ rẹ̀, tí wọn yóò máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí ìtì yóò fi di pákó. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ilé ìlagi ńláńlá dìde ní etí ọ̀sà ní Oko-Baba, ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí àwọn ìtì igi tí a so pọ̀ ti ń léfòó wá lórí omi láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀rọ tí a ń sọ yìí kò pẹ́ tó àáké láyé. Ní ọdún 1926 ni ará Jámánì kan, Andreas Stihl, ṣe ayùn oníṣéènì tí iná mànàmáná ń gbé ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 64, ènìyàn méjì ni ó sì ń gbé e. Ní ọdún 1929 ó ṣe èyí tí ń mu pẹtiróòlù, ìwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ kílógíráàmù 46. Ní ọdún 1946, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, tẹjú mọ́ bí ìdin kan ti ń jẹ kùkùté igi sọ́tùn-ún àti sósì láìfi agbára ṣe é. Ó fi ẹnu ìdin náà ṣe àwòkọ́ṣe fún eyín ṣéènì, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1947. Eyín bí irú èyí ni ó wọ́pọ̀ jùlọ lára ẹ̀rọ ìgégi títí di òní olónìí. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ Stihl ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Contra, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi kílógíráàmù 12 lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo sì lè fi dá igi ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú ẹ̀rọ náà, nítorí níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí à ń wá wà. Ẹ̀yà kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní kabúrétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó po pẹtiróòlù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa ni ó yẹ kí ó tètè yé, nítorí ó dà bí ẹ̀bà títẹ̀: bí omi bá pọ̀ jù, yóò rọ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀; bí gààrí bá pọ̀ jù, yóò le bí òkúta. Kí gíráàmù pẹtiróòlù kan tó lè jó tán pátápátá, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó gíráàmù 14 sí 15. Bí epo bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín yóò máa tú, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, agbára ẹ̀rọ yóò sì dín kù. Èyí kò dára, ṣùgbọ́n kì í tètè pa ẹ̀rọ. Èyí tí ń pa á ni kí epo kéré jù. Nínú irú ẹńjìnnì yìí, kò sí ibòmíràn tí ọ́ílì ń gbà wọlé ju inú pẹtiróòlù lọ. Bí epo bá kéré, ọ́ílì pẹ̀lú ti kéré nìyẹn. Ooru yóò pọ̀, písítìn yóò wú, yóò sì gan mọ́ inú ilé rẹ̀.

Lára ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, síkúrú mẹ́ta ni ó wà. Èyí tí wọ́n kọ L sí lára ń bójú tó epo nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré jẹ́jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ H sí ń bójú tó epo nígbà tí a bá tẹ iná mọ́ ọn tán. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń kọ LA tàbí T sí, ni ó ń sọ bí eré rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó nígbà tí a kò bá tẹ nǹkan kan. Bí a bá yí L tàbí H sí apá ọ̀tún, epo ń dín kù. Bí a bá yí i sí òsì, epo ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta yìí ni kí a ṣọ́ra fún jù nítorí ẹ̀mí ènìyàn. Bí a bá yí i sókè jù, ṣéènì yóò máa yí nígbà tí ẹni tí ó dì í mú rò pé ó ti dúró. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ ni ó lè ti ibẹ̀ wá.

Ọgbọ́n fífi ọwọ́ yí i, ọgbọ́n etí ni. Ẹ wo orúkọ odò wa, Ògùn, àti orúkọ Ògún onírin: ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìyàtọ̀ náà yóò ṣi ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ yìí. Nígbà tí a bá tẹ iná mọ́ ọn tán láìtíì fi kan igi, èyí tí epo rẹ̀ tó yóò máa kólòlò díẹ̀. Bí eyín rẹ̀ bá sì ti wọ igi, ohùn rẹ̀ yóò là. Èyí tí epo rẹ̀ kéré kò ní kólòlò rárá. Yóò máa dún geere bí fèrè, yóò sì yára ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìgbà yẹn gan-an ni ó dára jù. Ohùn dídùn yẹn ni ohùn ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó kú lọ́wọ́ àwọn tí kò kọ́ṣẹ́, dídùn ohùn ni a fi pa wọ́n: a yí i, a yí i, títí ó fi ń kọrin, kò sì pẹ́ tí ó fi dákẹ́ pátápátá.

Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀ láti sọ. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ tutù, ó sì ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná ìgbà òjò lọ. Nítorí náà, síkúrú tí ó bá oṣù kẹfà mu lè mú kí epo kéré jù ní oṣù kìn-ín-ní. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ìyẹ̀fun igi bá dí yóò mú kí epo pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá yí síkúrú láìtíì fọ asẹ́, àìsàn kan ni ó ń fi òmíràn wò.

Nísinsin yìí, kí ni kọ̀ǹpútà ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí? Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Yúróòpù le sí i lórí èéfín tí ẹ̀rọ kéékèèké ń tú jáde, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdérí dí síkúrú kí ẹnikẹ́ni má baà yí i kọjá ààlà. Ní bí ọdún 2010, Stihl ti Jámánì gbé èyí tí ó pè ní M-Tronic jáde, Husqvarna ti Sweden sì gbé AutoTune tirẹ̀ jáde. Nínú àwọn wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà kékeré kan ń wo bí ẹ̀rọ ti ń sáré sí, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn epo kékeré kan tàbí kí ó tì í. Kò ní bátìrì. Ara àgbá tí ń yí nínú ẹńjìnnì ni ó ti ń rí iná tí ó ń lò. Ó ń rántí bí ó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, bí ojú ọjọ́ bá yí padà tàbí asẹ́ bá dí díẹ̀, yóò tún ara rẹ̀ tò. Ní ọdún 2019, Stihl tún gbé MS 500i jáde, tí kò ní kabúrétọ̀ mọ́ rárá, tí kọ̀ǹpútà ń fún epo sí nínú. Ìwọ̀n rẹ̀ láìsí irin ìgégi àti ṣéènì jẹ́ kílógíráàmù 6.2.

Ire tí ó wà nínú èyí kò kéré, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Gbogbo wa rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí àwọn aláṣẹ tí ń bójú tó epo kéde pé pẹtiróòlù tí ọtí méthánò pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì ní kí a kó o kúrò lọ́jà. Afẹ́fẹ́ tí méthánò ń fẹ́ kéré gan-an sí ti pẹtiróòlù. Bí a bá rọ irú epo bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí a kò yí síkúrú rẹ̀, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé a dín epo rẹ̀ kù. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà lè fura, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn epo sí i, bí kò bá ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ olówó-yíyí kò ní ẹni tí yóò gbà á bí kò ṣe etí ẹni tí ó dì í mú.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe. Kò lè pọ́n ṣéènì tí ó kú. Kò lè mọ̀ pé a gbàgbé láti fi ọ́ílì sínú epo. Bí rọ́bà ìdènà kan bá jò, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, ẹ̀rọ olówó-yíyí yóò kọ́kọ́ kígbe fún wa: eré rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò nígbà tí ó yẹ kí ó dúró jẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà lè fi epo bo àléébù náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a má sì mọ̀ títí yóò fi kọjá ohun tí ó lè bò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí kọ̀ǹpútà náà bá ṣàìsàn, síkúrúdíráfà kò ràn án. Irinṣẹ́ pàtàkì kan ni àwọn tí ó ṣe é ń lò láti bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó ní irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di pé: ta ni yóò lò ó, níbo, àti lẹ́yìn ìgbà mélòó? Agégi tí ń wọ inú igbó lójoojúmọ́ mọ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ bí ó ti mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Síkúrú kò ṣòro fún un. Ẹni tí ń gé igi nínú ọgbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ó sì wà nítòsí aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kọ̀ǹpútà yóò gbà á lọ́wọ́ àṣìyí. Tiwa kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni tiwa yóò jẹ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni yóò kàn án, yóò jókòó fún oṣù mélòó kan, a ó sì wá a lójijì ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí.

Ìmọ̀ràn àwa ìgbìmọ̀ nìyí. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ olówó-yíyí, tuntun, tí kò tóbi jù, tí ó ní bírèkì ṣéènì. A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kí a wá Stihl 070 àlòkù, nítorí ó lágbára, òun sì ni àwọn tí ń la pákó nínú igbó fẹ́ràn. Òótọ́ ni pé alágbára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni, kò ní bírèkì ṣéènì. Nígbà tí imú irin ìgégi bá kan igi, tí ẹ̀rọ bá fò padà sójú ẹni tí ó dì í mú, bírèkì ni ó ń dá ṣéènì dúró. A kò ní fi orí ọmọ ìlú ra agbára.

Ìdí tí a fi yan olówó-yíyí ni pé ọgbọ́n rẹ̀ lè wà nínú ìlú. Bí ó bá bàjẹ́ ní òru ọjọ́ òjò, ọmọ wa lè tún un ṣe pẹ̀lú síkúrúdíráfà àti púlọ́ọ̀gì tuntun. Àwọn kan lè bi wá pé, “Ṣebí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni yóò bà á jẹ́?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹgbẹ́ rán ọ̀dọ́ méjì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì jẹ́ òfin pé àwọn méjèèjì nìkan ni yóò máa fọwọ́ kan síkúrú. Ṣùgbọ́n bí olùtajà kan bá lè fi irinṣẹ́ ìbá-kọ̀ǹpútà-sọ̀rọ̀ náà hàn wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó ní àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nílẹ̀, tí ó sì kọ àdéhùn àtúnṣe sínú ìwé, kí ẹgbẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Èyíkéyìí tí a bá rà, àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ṣeé fi sílẹ̀. Ìkínní, bí olùṣe ẹ̀rọ bá ní 50 sí 1 ni kí a po epo, mílílítà ọ́ílì 100 ni ó ń lọ sínú lítà pẹtiróòlù 5. Kí a fi ife oníwọ̀n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. Ìkejì, epo tí ó ti pẹ́ nínú ẹ̀rọ a máa di ọ̀dà nínú kabúrétọ̀. Kí a dà á nù kí a tó tọ́jú ẹ̀rọ. Ìkẹta, kí a ra akoto, ohun ìdití, ìbọ̀wọ́, bàtà líle àti ṣòkòtò agégi pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ní ọjọ́ kan náà. Ìkẹrin, igi tí ó bá ṣubú lu wáyà iná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn títí àwọn òṣìṣẹ́ iná yóò fi pa á.

Ìkarùn-ún ni ti òfin. Ẹ̀rọ tí ń dá igi ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ní ilẹ̀ Ghana, òfin ọdún 1998 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi í la igi sí pákó fún títà, nítorí igbó ń tán. Ní ìpínlẹ̀ Èkó tiwa, a ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ LASPARK kí a tó gé igi tí ó dúró. Láti ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ yìí sì ti ń ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. A dá a lábàá pé fún igi kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ wa bá gé, kí ẹgbẹ́ gbin méjì ní ọjọ́ náà, pàápàá ní etí odò, níbi tí gbòǹgbò yóò ti di ilẹ̀ mú fún wa.

Alága wa, ẹ̀yin ọmọ ìlú, ohun tí a rí nìyí. Ọwọ́ ìpàdé ni ìpinnu wà. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, kí ẹ yan àwọn ọ̀dọ́ méjì náà lónìí kí a tó túká, nítorí ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí kí a tó náwó lé e. Òjò tí ń bọ̀ kò ní bi wá bóyá a ti ṣe tán.

 Kí Olúwa bá wa ṣọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.